Mo yọ humbucker, mo fi P-90 rọ́pò rẹ̀: àyẹ̀wò ohun tó yí ohùn blues gìtá mi padà

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni pickup méjì, ti ọrùn àti ti bridge (ibi tí okùn jókòó lé ní ìdí gìtá), tí wọ́n ń tà pọ̀ nínú páálí kan. Pickup ni ẹ̀rọ kékeré oní-mágínẹ́ẹ̀tì àti kọ́ìlì tó ń gbọ́ bí okùn gìtá ṣe ń gbọ̀n, tó ń fi í ránṣẹ́ sí amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. P-90, pickup oní-kọ́ìlì kan, ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ṣe wọ́n sí ìwọ̀n humbucker, pickup oní-kọ́ìlì méjì, kí wọ́n lè wọ ihò humbucker wẹ́kú, láìjẹ́ pé èèyàn gbẹ́ igi gìtá. Mo ra àpò wáyà kan mọ́ wọn: pot mẹ́rin ti 500k (ohun tí nọ́ọ̀bù ń yí), capacitor méjì ti 0.022 µF (òun ni nọ́ọ̀bù tone fi ń dín ohùn òkè kù), àti wáyà tí wọ́n fi aṣọ wé lára. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, torí irú wọn pọ̀ lọ́jà, irú wọn gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ìdáhùn kúkúrú: ó dára, ó dára gidi, ṣùgbọ́n pickup nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ibi tí mo fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ capacitor mọ́ ló ṣe ìdajì, ìdajì yẹn ò sì ná èèyàn ní nǹkan kan ju lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ lọ.

Irú Les Paul, gìtá olókìkí ti ilé iṣẹ́ Gibson, ni gìtá tí mo fi wọ́n sí. Igi mahogany ló wà lábẹ́, maple lókè, ọrùn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ara, humbucker méjì, nọ́ọ̀bù mẹ́rin, súwíìṣì ọ̀nà mẹ́ta. Gìtá tó lágbára ni. Tí a bá ń ta orin tó le, tí amp ń bú ramúramù, kò sí ohun tí mo fẹ́ tí kò fún mi. Blues ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í ti í gbọ́ ara wa yé. Bí mo fi àtàǹpàkò rọra ta okùn, bí mo fi pick gbá a, ìwọ̀n kan náà ni ohùn ń bá jáde, ó nípọn, ó sì tẹ́jú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé bí mo bá yí fọ́lúùmù wálẹ̀ kí n lè fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọrin, ohùn òkè ló máa kọ́kọ́ sá lọ. Èyí tó kù á bò mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Mo ń wá gìtá tí màá fi nọ́ọ̀bù kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí n sì fi nọ́ọ̀bù kan náà lọgun, láìfọwọ́ kan amp, láìfẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan nílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nísàlẹ̀ yìí, ìyẹn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ń wá ohùn tó máa wúwo sí i, tó máa ya sí i, àyẹ̀wò mi kò ní bá a lára mu.

Gibson ló mú P-90 jáde lọ́dún 1946, òun ló sì wà lára ọ̀pọ̀ gìtá tí wọ́n fi ta blues nígbà náà. ES-5, gìtá Gibson tí T-Bone Walker, olórin blues, ń ta, P-90 mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Les Paul àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 1952, P-90 náà ló gbé wá. Ẹ̀sùn tí gbogbo èèyàn fi ń kàn án ni pé ó ń kùn: iná ilé, transformer inú amp, gbogbo wọn ló ń gbọ́. Seth Lover, ẹnjiníà ní Gibson, ló wá ojútùú sí i lọ́dún 1955. Ó to kọ́ìlì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wé wáyà wọn sí òdìkejì ara wọn, ó jẹ́ kí ọ̀kan kọjú sí àríwá mágínẹ́ẹ̀tì, kí èkejì kọjú sí gúúsù. Ariwo iná tó bá wọ méjèèjì á pa ara rẹ̀, ohùn okùn á sì pọ̀ sí i. Lọ́dún 1957 ni ó wọ Les Paul. Ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ rẹ̀ kò jáde títí di 1959, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lẹ bébà tí wọ́n kọ "Patent Applied For", ìyẹn a ti bèèrè fún ìwé àṣẹ, sí abẹ́ rẹ̀, tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní PAF títí dòní.

Iṣẹ́ ńlá ni Seth Lover ṣe, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú láé. Ṣùgbọ́n ohun kan bá ariwo náà lọ. Kọ́ìlì méjì ń gbọ́ okùn kan náà ní ojú ibi méjì. Àwọn ohùn wẹ́wẹ́ tó wà lókè téńté, tí ìgbì wọn kúrú, ń gòkè níbi tí kọ́ìlì kan ti ń gbọ́ wọn lásìkò kan náà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ èkejì. Wọ́n á pa ara wọn jẹ. Ìyẹn ló ń fún humbucker ní ohùn tó jọ̀lọ̀, ìyẹn náà ló sì ń mú kí ojú ohùn rẹ̀ má mú tó bí mo ṣe fẹ́.

Kọ́ìlì kan ni P-90 ní. Ó fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, wọ́n wé wáyà bàbà tín-ín-rín sí i ní nǹkan bí 10,000 ìgbà, mágínẹ́ẹ̀tì méjì sùn sábẹ́ rẹ̀, ṣíkúrù irin mẹ́fà sì gba àárín rẹ̀ kọjá sábẹ́ okùn. Ẹ fi wé ti Stratocaster (Strat), gìtá ilé iṣẹ́ Fender tó jáde lọ́dún 1954: kọ́ìlì yẹn ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló nàró lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, wáyà rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti P-90. Ìdí nìyẹn tí ohùn Strat fi ń dún gooro. P-90 wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohùn àárín rẹ̀ pọ̀, ó ní ẹnu, bí èèyàn bá sì fi agbára ta á, ohùn rẹ̀ á há díẹ̀, bíi ti akọrin tó ti kọrin pẹ́. Híhá yẹn ni mo rà.

Alnico 2 ni mágínẹ́ẹ̀tì inú àwọn tèmi. Alnico jẹ́ àdàlù aluminiomu, nickel àti cobalt pẹ̀lú irin. Alnico 5 lágbára ju Alnico 2 lọ, ohùn rẹ̀ ń ta jáde kíá, ó sì ń mú nísàlẹ̀ àti lókè. Alnico 2 rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ohùn rẹ̀ kò le, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fa okùn mọ́ra, nítorí náà okùn máa ń gbọ̀n pẹ́ kó tó kú. Fún ẹni tó ń fa okùn sókè, tó ń mì í lórí fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), tó fẹ́ kí ohùn kan dúró sójú afẹ́fẹ́ kí ó tó sọ èyí tó kàn, èyí ni mo máa mú.

Ó yẹ kí n là á yé yín pé P-90 tó ní ìwọ̀n humbucker kò rí bákan náà délẹ̀délẹ̀ pẹ̀lú P-90 gidi. Ti gidi fẹ̀ jù ú lọ, wọn ò lè fi kọ́ìlì tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sínú ihò humbucker, ìdérí irin tó bò ó sì ń mú díẹ̀ kúrò nínú dídán rẹ̀. Mo ti ta gìtá ọ̀rẹ́ mi kan tó ní P-90 gidi, ohùn tirẹ̀ tún fẹ̀ sí i, ó sì gbó sí i. Síbẹ̀, láti fi irú ti gidi sí gìtá tèmi, àfi kí n gbẹ́ igi. Igi tí èèyàn bá gbẹ́ kì í padà sípò. Èyí tí mo rà, tó bá sú mi lọ́la, sukudíráfà àti lẹ́ẹ̀dì ló máa dá humbucker mi padà síbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló kù tí mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá.

Lábẹ́ nọ́ọ̀bù fọ́lúùmù ni pot wà, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni pot sì ní. Wáyà pickup ń wọ ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ àárín ni ohùn ń gbà jáde lọ sí súwíìṣì. Ẹsẹ̀ kẹta ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀yìn pot kó lè já sí ground, ibi tí iná ń padà sí. Capacitor tó ń bá nọ́ọ̀bù tone ṣiṣẹ́ máa ń so mọ́ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ gìtá òde òní, ẹsẹ̀ tí pickup wọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́. Nínú Les Paul ti ọdún 1952 sí 1959, ẹsẹ̀ àárín ni. Ibi tí ẹsẹ̀ kan jìnnà sí èkejì kò tó ìbú ìka, òun náà sì ni gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní 50s wiring (wáyà àwọn ọdún 1950).

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí èèyàn bá yí fọ́lúùmù wálẹ̀, pot á di ìdènà láàárín pickup àti wáyà tó so gìtá mọ́ amp. Wáyà náà fúnra rẹ̀ ń ṣe bíi capacitor kékeré, ó lè tó 100 pF nínú mítà kan, ohùn òkè ló sì ń gba ibẹ̀ sá lọ sí ground. Tí capacitor tone bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pickup, ẹrù pickup á di méjì. Tí a bá gbé e lọ sí ẹsẹ̀ àárín, pickup á bọ́ lọ́wọ́ ẹrù yẹn bí fọ́lúùmù bá ṣe ń wálẹ̀, dídán ohùn á sì dúró tì wá. Àwọn kan ń lo ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní treble bleed, capacitor kékeré kan bíi 0.001 µF tí wọ́n jó mọ́ àárín ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ àti ẹsẹ̀ kejì. Ó ń ṣiṣẹ́, pàápàá lára Strat, ṣùgbọ́n ní etí tèmi, ohùn á di tín-ín-rín bí fọ́lúùmù bá lọ sílẹ̀ gan-an. 50s wiring kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe é, mo kọ́kọ́ ya àwòrán inú ihò ẹ̀yìn gìtá láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fo ìyẹn. Ẹ̀yìn pot ni iṣẹ́ ti le jù, torí irin ibẹ̀ ń fa ooru mọ́ra. Ẹni tó bá fi irin jíjó tí kò lágbára ṣe é á dúró lé e títí, ooru á wọlé lọ bá ojú carbon tó wà nínú pot, á sì bà á jẹ́. Mo fi sáńdípépà ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi funfun, mo lo irin jíjó tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tó gbóná dé nǹkan bíi 350 °C, mo kọ́kọ́ yọ́ lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sójú ibẹ̀ kí n tó gbé wáyà lé e. Lẹ́ẹ̀dì tó bá jó dáadáa máa ń ṣàn, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì máa kọ mànà. Èyí tó bá rí róbótó, tó ṣú, tí ojú rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, kò mú. Bó bá ṣiṣẹ́ lónìí, orí ìtàgé ló máa ti dákẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Àwọn pot inú àpò náà dára. Mo fi mítà wọn gbogbo wọn kí n tó jó wọn, torí pé pot tí wọ́n kọ 500k sí lè fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kéré tàbí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn láti 400k dé 600k. Iye tó bá ga á jẹ́ kí ohùn dán sí i. Mo fi èyí tó ga jù sí pickup ọrùn, torí ibẹ̀ ni ohùn ti máa ń wúwo, mo fi èyí tó kéré jù sí bridge láti pẹ̀rọ̀ sí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, etí sì ń gbọ́ ọ. Audio taper ni wọ́n, bó ṣe yẹ fún fọ́lúùmù, ohùn ń lọ sókè sódò ní ìwọ̀n tó bá etí mu, kò kàn já lulẹ̀ lójijì.

Bébà àlàyé inú àpò náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n kọ 50s wiring gàdàgbà sára páálí, àwòrán inú bébà sì jẹ́ ti wáyà òde òní. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà á jó gbogbo rẹ̀ tán, á sì gbà pé òun ti ṣe é. Kí ẹ tó jó capacitor, ẹ wò ó dáadáa: ẹsẹ̀ àárín ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ohùn, torí òun la bá wá.

Mo so gìtá tààrà mọ́ amp tube kékeré, kò sí pedal kankan láàárín. Mo gbé gain, nọ́ọ̀bù tó ń pinnu bí ohùn ṣe ń ya nínú amp, sí ibi tí ohùn á ti mọ́ bí mo bá rọra ta á, tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí mo bá fi agbára sí i. Okùn nickel ni mo fi sí i, èyí tó tín-ín-rín jù jẹ́ 0.011 ínṣì.

Pickup ọrùn, fọ́lúùmù ní 10. Ohùn náà tóbi, àmọ́ ó ní ẹnu. Mo ń gbọ́ ìgbà tí ẹran ìka fi okùn sílẹ̀. Pẹ̀lú humbucker, ohùn á kàn wú jáde ni. Okùn E ìsàlẹ̀ kò rọ́ mọ́ àwọn yòókù mọ́, ó ń dún, ó sì dá dúró. Bí mo bá fa okùn G sókè ní fret kejìlá, ohùn àárín á máa pọ̀ sí i bí mo ṣe ń fà á, á há nígbà tó bá dé òkè, bí mo bá sì mì í, ó máa ń pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Èyí gan-an ni mo ti ń gbọ́ nínú orin àwọn ẹlòmíì tí ọwọ́ mi kò tẹ̀.

Mo wá yí fọ́lúùmù wá sí 7. Ohùn dáwọ́ yíya dúró, dídán rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Mo yí i wá sí 4. Ó mọ́ tónítóní, ó fẹ́ẹ́rẹ́, mo lè fi ìka mẹ́ta ta akọ́ọ̀dù kí ohùn kọ̀ọ̀kan sì hàn láàárín rẹ̀. Gbogbo èyí, mi ò fọwọ́ kan amp. Mo bẹ̀rẹ̀ orin ní 4, mo gbé e dé 7 nígbà tí orin gbóná, mo fi ìka kékeré tì í dé 10 láàárín ohùn kan ṣoṣo tí mo dì mú, ohùn yẹn sì ti kẹ́lẹ́ dìde títí ó fi di ariwo. Ayọ̀ tó wà nínú ìyẹn pọ̀ gan-an. Mo joko síbẹ̀, mo ń ta nǹkan kan náà ní àtaàtúnta.

Pickup bridge ló ń bà mí lẹ́rù kí n tó ra á, torí bridge ni P-90 ti máa ń gún etí. Ní 10, ó mú, ó sì gbó, kò sí ibi tó fara pamọ́ sí, àṣìṣe ọwọ́ kékeré gan-an á hàn. Bí mo bá yí tone wá sí 6 tàbí 7, ó bọ́ sípò. Fún slide, mi ò tíì fọwọ́ kan èyí tó dára tó o. Dígí lórí okùn, P-90 ní bridge, tone ní 6: ohùn náà ń sunkún, ó sì ń bínú.

Súwíìṣì ní àárín, ọrùn àti bridge pọ̀. Àwọn méjèèjì wà ní òdìkejì ara wọn, wáyà àti mágínẹ́ẹ̀tì, nítorí náà wọ́n ń pa ariwo iná bí humbucker ṣe ń pa á. Ohùn ibẹ̀ ṣófo díẹ̀ láàárín, ó sì gbòòrò. Mo máa ń fi fọ́lúùmù ọrùn sí 7, kí bridge wà ní 10, fún akọ́ọ̀dù shuffle. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa 50s wiring níbí: fọ́lúùmù àti tone ń fọwọ́ kan ara wọn. Bí fọ́lúùmù bá ti wálẹ̀, tí ẹ tún yí tone wálẹ̀, ohùn á kéré sí i díẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ ẹ, torí ó túbọ̀ jẹ́ kí nọ́ọ̀bù ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Nígbà tí mo gbé e lọ bá ẹgbẹ́ wa, ẹ̀gbọ́n tó ń ta béèsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àbúrò, kí lo ṣe sí gìtá yìí? O ti kúrò lórí ilẹ̀ mi." Òótọ́ ni. Ohùn ìsàlẹ̀ humbucker mi ti ń gorí ohùn béèsì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó fara dà á, kò sọ nǹkan kan. P-90 fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un, èmi náà sì rí àyè mi lókè.

Ariwo iná ńkọ́? Ó wà. Bí mo bá wà lórí ọrùn nìkan tàbí bridge nìkan, yùn-ùn kan wà lábẹ́ ohùn, ó sì ń pọ̀ bí gain bá ṣe ń pọ̀ tàbí bí mo bá kọjú sí kọ̀ǹpútà tàbí transformer. Mo lẹ bébà bàbà sínú ihò méjèèjì, mo so ó mọ́ ground. Ìyẹn dín ariwo wẹ́wẹ́ kù, ṣùgbọ́n ariwo tó ń ti mágínẹ́ẹ̀tì transformer wá, bàbà kò lè dá a dúró. Mo máa ń yí ara mi díẹ̀ títí ó fi lọ sílẹ̀, bí orin bá sì dákẹ́ díẹ̀, mo máa ń gbé súwíìṣì sí àárín. Ẹni tó ń ta pẹ̀lú gain tó pọ̀, tàbí tó ń gba ohùn sílẹ̀ níbi tí iná pọ̀ sí, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó rà á.

Gíga pickup, ẹ má fi ṣeré. Bí mo ṣe kọ́kọ́ fi wọ́n sí i, wọ́n sún mọ́ okùn jù, ohùn le, kò mí. Mo tẹ okùn mọ́ fret tó kẹ́yìn, mo wá sọ ti ọrùn kalẹ̀ títí tó fi jìnnà sí okùn E ìsàlẹ̀ ní mìlímítà 3, ó dín díẹ̀ lọ́dọ̀ E òkè. Ti bridge wà ní nǹkan bíi mìlímítà 2. Ṣíkúrù tó wà lábẹ́ okùn B ni mo yí wọlé díẹ̀, torí okùn yẹn ń pariwo ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní afẹ́fẹ́ nínú.

Ní ti capacitor, mo yọ 0.022 kúrò lọ́rùn, mo fi 0.015 sí i. Bí mo bá yí tone wálẹ̀ pátápátá báyìí, ohùn á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ohùn àárín á ṣì máa sọ̀rọ̀, ó sún mọ́ ohùn tí Eric Clapton sọ di olókìkí pẹ̀lú Gibson rẹ̀ nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ Cream. Àwọn tó ń ta capacitor olówó ńlá, oní-bébà tí wọ́n rẹ sínú òróró, ń sọ pé ohùn tiwọn yàtọ̀. Mo ti fi oní-bébà wé oníke kan tí iye wọn bára mu lórí mítà. Etí mi kò gbọ́ ìyàtọ̀. Iye tó wà lórí mítà ni kí ẹ máa wò.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ra pickup tuntun, tí gìtá yín sì ní humbucker méjì, ọ̀nà kan tún wà tí kò gba owó: kí ẹ yí mágínẹ́ẹ̀tì ọ̀kan padà. Ti Les Paul 1959 tí Peter Green, olórin blues, ń ta rí bẹ́ẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì pickup ọrùn rẹ̀ wà ní òdìkejì, nítorí náà ohùn àárín súwíìṣì rẹ̀ ṣófo, ó sì ń dún nímú. Gary Moore, tó ń ta gìtá náà, ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, lọ́wọ́ tèmi ó tín-ín-rín jù. Albert Collins, olórin blues mìíràn, ní tirẹ̀ gba ọ̀nà tó lòdì sí tèmi pátápátá: humbucker ló wà lọ́rùn gìtá Telecaster rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì mú bí yìnyín. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé pickup kan ló wà fún blues, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹni tó ní Strat kò nílò P-90 láti bẹ̀rẹ̀. Nínú wáyà Strat àtijọ́, bridge kò ní tone rárá, ìyẹn ló ń mú kó gún etí. Wáyà kékeré kan lórí súwíìṣì tó máa so tone kejì mọ́ bridge, ó tán.

Tí ẹ bá fẹ́ ra irú P-90 tí mo rà, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní nǹkan mẹ́ta. Ẹ bèèrè bóyá ti ọrùn àti ti bridge wà ní òdìkejì ara wọn, torí bí wọn kò bá wà bẹ́ẹ̀, ariwo kò ní kú ní àárín. Ẹ bèèrè irú Alnico tó wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè bí ṣíkúrù àkọ́kọ́ ṣe jìnnà sí ìkẹfà, kí ẹ sì fi rúlà wọn okùn gìtá yín lójú ibi tí pickup máa wà, torí 50 mm ni ti ọ̀pọ̀ gìtá irú Gibson, ti àwọn mìíràn sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.